Jíìnì Kẹta

Ẹ ti fura, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín: ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò mọ ọtí í tọ́ wò. Ohun tí ẹ kò lè fura sí ni bí àìmọ̀ náà ṣe wà létòlétò tó. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀, ó ní gègé méjì, ó sì ní ṣíbí kékeré kan tó ń fi aṣọ funfun wé sínú àpò àyà.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé sítáǹpù tóun ti fi ahọ́n lá láyé ló sọ ahọ́n òun di abẹ. Pé bóun bá lá sítáǹpù kan, òun lè sọ ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó dán an wò. Àwọn ará ọ́fíìsì sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ahọ́n. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, àmọ́ ó gbà á bí ẹni gba oyè.

Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, ilé sú u. Aṣọ tútù ni ìyàwó rẹ̀ ń gbé lé e lọ́wọ́ láràárọ̀ pé kó lọ sá a sórí okùn. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ ṣí ilé àlejò oníyàrá mẹ́sàn-án sí etí omi, tó ń wá ẹni tí yóò máa ra ọtí tí yóò sì máa bù ú ní káńtà, Ọ̀gá Ahọ́n kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Obìnrin náà gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ojú àna ń tì. Ó ní oṣù méjì lòun fi máa wò ó. Bí nǹkan bá ń lọ dáadáa títí di ìgbà tí ọjà kejì máa wọlé, òun á fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ rẹ̀; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin tó ń gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà á bọ́ sí ìdí káńtà.

Ọ̀gá Ahọ́n kò sọ ti oṣù méjì yìí nílé. Ohun tó sọ fún ìyàwó rẹ̀, àti fún gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́, ni pé wọ́n ti fi òun ṣe olórí ọtí.

Jíìnì tí wọ́n ń pọn ní erékùṣù kékeré tó wà lódìkejì omi ni àna rẹ̀ fẹ́ máa tà. Ọ̀gá Ahọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé ìpọntí náà kò ju gáréèjì ọkọ̀ méjì lọ: ìkòkò bàbà, àgbá mélòó kan, àpò èso gbígbẹ, èèpo ọsàn tí wọ́n sá sórí pẹpẹ. Obìnrin kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Apọntí, ló ni ín. Ó gbé ife mẹ́ta kalẹ̀, ó sì lanu láti ṣàlàyé.

“Ẹ dúró ná, Màmá,” ni Ọ̀gá Ahọ́n wí. “Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ahọ́n mi sọ ọ́ fún yín.”

Ìyá Apọntí panu dé. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá oníbàárà lò.

Ife àkọ́kọ́ ta á lẹ́nu títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọtí náà kò tíì gbọ́n. Èkejì rọlẹ̀ díẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ó ń gbìyànjú. Ẹ̀kẹta lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dijú, ó ní òun gbọ́ òórùn ọsàn, òun gbọ́ ti igi tútù, òun sì gbọ́ ti ilé ìkàwé àtijọ́. Ìyá Apọntí bi í pé ta ló ń pọntí nílé ìkàwé. Ó ń kọ̀wé lọ. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó ní kí wọ́n kó páálí mẹ́ta wá. Lójú tirẹ̀, wọ́n ti gbọ́ra yé: páálí kan fún ife kan.

Páálí mẹ́ta dé, ìgò méjìlá méjìlá, ìwé ara gbogbo wọn bákan náà. Ẹlòmíràn á tẹ Ìyá Apọntí láago. Ọ̀gá Ahọ́n sọ fún àna rẹ̀ pé àwọn tó kó o sọ́kọ̀ ti da ọtí náà pọ̀ mọ́ra, pé torí irú ọjọ́ báyìí gan-an ni wọ́n ṣe ń gba ẹni tó láhọ́n síṣẹ́. Àárọ̀ mẹ́ta ló fi jókòó sí yàrá ẹ̀yìn. Ó ń ṣí ìgò, ó ń fi ṣíbí tọ́ ọ wò, ó ń dé e padà, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sídìí rẹ̀. Nígbà tó parí, àkọ́kọ́ jẹ́ mẹ́rìnlá, èkejì mẹ́sàn-án, ẹ̀kẹta mẹ́tàlá. Inú bí i díẹ̀ pé Ìyá Apọntí fi èkejì rẹ́ òun jẹ. Ìyàwó rẹ̀ ṣàkíyèsí pé lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orin ló ń kọ wọlé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an ló sì ń lọ sá aṣọ, títí kan èyí tó ti gbẹ.

Wọ́n tẹ ìwé tuntun sórí káńtà: jíìnì mẹ́ta, iye mẹ́ta, àlàyé Ọ̀gá Ahọ́n nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn àlejò kò fẹ́ kí wọ́n ka àwọn mọ́ aláìmọ̀kan, wọ́n sáré sí ẹ̀kẹta. Tíṣà kan búra pé èkejì fọ́ òun lórí, pé ẹ̀kẹta ló jẹ́ kó fúyẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn náà ti ń dijú. Aránṣọ ìsàlẹ̀ òpópónà nìkan ló ń ṣorí kunkun.

“Ti àwọn tí kò gbọ́n ni kí ẹ bù fún mi, Ọ̀gá Ahọ́n,” ni obìnrin náà máa ń wí. “Òun ni mo lè mu láìkàwé.”

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù méjì pé, Ìyá Apọntí fúnra rẹ̀ wá gba iṣẹ́ ọjà kejì. Àna Ọ̀gá Ahọ́n ti tẹ ìwé iṣẹ́ náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gègé, ó ku kó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá Ahọ́n ti ránṣẹ́ pe ìyàwó rẹ̀ àti méjì nínú àwọn ará ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ti jókòó. Ó bu ẹ̀kẹta fún Ìyá Apọntí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Màmá,” ni àna rẹ̀ wí, “ẹ̀kẹta nìkan ni kí ẹ kó wá lọ́tẹ̀ yìí o. Àkọ́kọ́ ò yá lọ́jà rárá. Bọ̀dá mi ló ní ká pa á tì.”

Ìyá Apọntí ní èwo ló ń jẹ́ àkọ́kọ́. Wọ́n na ìwé orí káńtà sí i. Ó fi awò sójú, ó kà á látòkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tún un kà. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé, láìgbé ohùn sókè, pé ife àkọ́kọ́ ọjọ́ náà ni ọtí bó ṣe ti ìkòkò bọ́. Èkejì ni ọtí kan náà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi là. Ẹ̀kẹta ni ọtí kan náà tí wọ́n bomi là, tó sì ti sùn nínú àgbá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, Bọ̀dá ni kò fẹ́ gbọ́.

“Ìkòkò kan ni mo ní, ọmọ mi,” ló wí. “Bí ọtí ò bá sì tíì sùn, a kì í rọ ọ́ sígò. Ìgò mẹ́rìndínlógójì tí mo kó wá fún yín, ẹ̀kẹta ni gbogbo wọn.”