Bẹ́ńṣì Ìsàlẹ̀ Ilé Àwòṣífìlà

Wẹ́dà kan wà tó ń fi irin àti pákó ṣe àga, tí kì í jẹ́ kí ọ̀kankan jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ jókòó lé e. Láti ìgbà tó ti kọ́ṣẹ́ tán ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ìyá bá jókòó, tó yí ara sọ́tùn-ún, tó yí i sósì, tó ní "Ó dáa," iṣẹ́ parí nìyẹn. Àwọn oníbàárà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìdí ìyá wẹ́dà mọ iṣẹ́ ju wẹ́dà fúnra rẹ̀ lọ. Inú ìyá náà á dùn, á ní wọn ò parọ́.

Ìyá yìí ti ní ilé kan rí létí òpópónà ńlá, ilé kékeré tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú. Ogójì ọdún ló fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn tó ń wo àlọ àti àbọ̀ èèyàn. Ó mọ ẹni tó ra bàtà tuntun, ó mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ ò sùn sílé. Ìgbà tó yá, àwọn kan gba ilẹ̀ náà pẹ̀lú ti àwọn aládùúgbò rẹ̀, wọ́n wó ilé, wọ́n kọ́ ilé àwòṣífìlà mẹ́rin síbẹ̀. Ìjọba ìlú ní kò burú, àmọ́ gbàgede tó wà láàárín ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé: kí wọ́n má mọ ọgbà yí i ká, kí wọ́n sì gbé bẹ́ńṣì síbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi tu ìyá nínú nìyẹn. Ó kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn nílé ọmọ rẹ̀, níbi tí fèrèsé ti dojú kọ ògiri, ó wá ń ka ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí gbàgede. Kò béèrè ohun mìíràn ju kó jókòó sójú ilẹ̀ rẹ̀, kó máa wo títì.

Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ bẹ́ńṣì fún. Ìyá yọ̀ débi pé ó ń ròyìn fún ẹni tí kò béèrè. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí máníjà àwọn ilé náà sọ fún ọmọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì.

"Àwọn tó ra ilé wa ò fẹ́ kí èrò máa dúró sábẹ́ fèrèsé wọn," ni máníjà wí. "A ò lè lé èèyàn, òfin ò gbà. Bẹ́ńṣì ló máa bá wa lé wọn. Ṣe èyí tó rẹwà lójú, àmọ́ tí ìdí ò ní lè fara dà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Àwọn arúgbó gan-an ló ń pẹ́ jù. Tí arúgbó bá ti ń sáré dìde, iṣẹ́ ẹ yọrí. Tó bá yọrí lọ́jọ́ ìṣíde, gbogbo ilé tí a fẹ́ kọ́ sí òpópónà yìí, ìwọ lo máa ṣe bẹ́ńṣì wọn."

Wẹ́dà ní kò sí wàhálà, ọ̀gá. Ibo ló ti máa rí arúgbó tó máa fi dán an wò? Ẹ má wulẹ̀ bi mí, ẹ̀yin náà mọ ẹni tó wà nílé.

Ó gé pákó ìjókòó bẹ́ńṣì àkọ́kọ́ kúrú, ó sì jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ́ síwájú díẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí ìyá rẹ̀ jókòó, ó wo aago ara ògiri.

"Màmá, mo fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe lè pẹ́ tó lórí ẹ̀," ló wí.

Ìyá gbà pé bí òun bá ṣe pẹ́ tó ni iṣẹ́ ọmọ òun ṣe dára tó. Kí ni ì bá tún rò? Ó jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ilẹ̀ kó má baà yọ̀ ṣubú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Báwo ni?"

"Ó tù mí lára, ọkọ mi."

Wẹ́dà fajú ro. Ó gbé bẹ́ńṣì wọlé, ó tún mú kó dà gẹ̀rẹ́ síwájú sí i ní ìwọ̀n ìka kan. Ìyá ti rí i pé tàná kò tẹ́ ọmọ òun lọ́rùn, torí náà lọ́jọ́ kejì ó lo ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Wẹ́dà jó irin kan mọ́ ẹ̀yìn bẹ́ńṣì, ní ọ̀gangan ibi tó ti máa gún ọ̀pá ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá lo wákàtí kan gbáko. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ó sì ní òun ò tíì jókòó lé bẹ́ńṣì tó dùn tó báyìí rí.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó ń di ògiri mú kó tó lè rìn dé ṣọ́ọ̀bù. Wẹ́dà rí i. Ká má parọ́ fún ara wa, ó rí i kedere, ó sì rí bó ṣe ń fọwọ́ ra ìbàdí. Kàkà kí àánú ṣe é, inú ló bí i. Lójú tiẹ̀, agídí arúgbó yìí ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó jó irin kejì mọ́ ti àkọ́kọ́, ó ní, "Màmá, ẹ jókòó." Ìyá jókòó.

Níkẹyìn, ó gbé e lọ fún máníjà. Máníjà jókòó, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́fà tó fò dìde, tó ń fọwọ́ pa ìdí, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kó ṣe ogún irú rẹ̀. Wẹ́dà kò sọ nǹkan kan fún ìyá rẹ̀. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé tí ìyá bá dé gbàgede tí kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, á dìde fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìṣíde, ìyá ti débẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀ tán. Ó wọ aṣọ tó dáa jù nínú àpótí rẹ̀. Ó fojú wọn ilẹ̀ títí tó fi rí ọ̀gangan ibi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Bẹ́ńṣì kan wà níbẹ̀, ó jókòó, ó ń wo títì. Àwọn èèyàn ń jókòó, wọ́n ń dìde. Tọkọtaya kan jókòó, wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n bá tiwọn lọ. Ìyá kò mira.

Máníjà wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ìyá wo nìyẹn? Ó ti lé ní ogójì ìṣẹ́jú."

"Mi ò mọ̀ wọ́n, ọ̀gá," ni wẹ́dà wí.

"Lọ bá a sọ̀rọ̀. Tí kò bá dìde, gbogbo bẹ́ńṣì yẹn lo máa kó padà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ lónìí."

Wẹ́dà lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì wò.

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

"Jẹ́ n pẹ́ díẹ̀ sí i. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé iṣẹ́ ẹ dáa."

"Wọn ò fẹ́ kéèyàn pẹ́ níbí. Bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe é nìyẹn, kó máa lé èèyàn dìde."

Ìyá gbé ojú kúrò lójú títì, ó wò ó. "Nígbà tí mò ń jókòó fún ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, Màmá."

"Tí mi ò bá dìde ńkọ́?"

"Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Kò bú u. Ì bá sàn fún wẹ́dà ká ní ó bú u. Ó fọwọ́ méjèèjì ti pákó, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè tí gbogbo gbàgede fi gbọ́.

"Irú ìjókòó burúkú wo nìyí? Ta ló ṣe é? Ó ti fọ́ mi ní ìbàdí. Mi ò tún ní jókòó síbí mọ́ láéláé."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò gbé e mọ́, ó ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀, wẹ́dà na ọwọ́ kó dì í mú.

"Má fọwọ́ kàn mí," ló sọ jẹ́jẹ́. "Wọn ò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmọ mi ni ẹ́."

Ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ létí títì, kò wẹ̀yìn. Máníjà ti dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní iṣẹ́ gidi nìyí, kó bẹ̀rẹ̀ ogún mìíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó na ọwọ́. Wẹ́dà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ṣé, ọ̀gá."