Aṣọ Àwọn Ará Ìràwọ̀

Nígbà tí Rèbékà Olówòkéré tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ kò tíì rí ẹ̀dá tó ń mí rí. Aṣọ dúdú tó ń dán bí ara ẹja àrọ̀ ni, ó fún láti ọrùn dé kókósẹ̀. Wọ́n lẹ fóòmù mọ́ àyà àti èjìká rẹ̀, kí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè dà bí akọni. Síìpù kan ṣoṣo ló ní, ẹ̀yìn ni wọ́n sì fi í sí, láti ìpàkọ́ dé ìbàdí, níbi tí ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ kò lè tó. Rèbékà yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó yọ inú rẹ̀ síta. Kò rí àpò kankan.

"Ọ̀gbẹ́ni," ó wí fún Jọọlá tó gbé e wá, "bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ẹni tó wọ èyí, kí ni kó ṣe?"

Jọọlá rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ìgbà tí ọmọdé bá bi àgbà ní ìbéèrè. "Mama, ẹgbẹ̀rún ọdún sí ìsinsìnyí ni ìtàn yẹn yóò ṣẹlẹ̀. Àwọn ènìyàn ìgbà yẹn ti kọjá irú nǹkan bẹ́ẹ̀."

"Wọn ò ní í tọ̀ mọ́?"

"A kì í fi hàn nínú eré ni mò ń wí."

Rèbékà ká aṣọ náà jọ. Ojú tó fi wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà, bó bá jẹ́ pé ojú ń gé nǹkan ni, wọn ì bá ti máa wá abẹ́rẹ́ àti òwú.

Eré tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní *Àwọn Ará Ìràwọ̀* ni wọ́n fẹ́ fi aṣọ náà ṣe. Ìtàn àwọn Yorùbá kan ni, tí wọ́n wọ ọkọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ ayé, tí wọ́n ń ti orí ìràwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí eré náà ti ń jáde, ó sì ti bímọ: eré kejì wà tó dá lórí àwọn ọmọ wọn, sinimá kan sì tẹ̀lé e. Nínú ti àkọ́kọ́, àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń wọ̀: aró fún àwọn atukọ̀, funfun fún àwọn oníṣègùn, pupa rúsúrúsú fún àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ọmọdé tó jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n pè bí ẹnìkan bá dákú nínú ọkọ̀ náà. Àwọn tó fẹ́ràn eré náà a tilẹ̀ máa rán irú rẹ̀ wọ̀ lọ sí ìpàdé wọn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe eré ẹ̀kẹta, wọ́n gba Jọọlá, tó ti lo ọdún méjì ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya aṣọ sórí ìwé. Kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán an. Ó ní aṣọ àtijọ́ yẹn jọ ti ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó da gbogbo àwọ̀ nù, ó wọ gbogbo wọn ní dúdú kan náà, ó wá fi àmì kan tí kò ju èékánná lọ sí wọn lọ́rùn, kí ènìyàn lè mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọọ̀ṣẹ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá dá ṣáká ni yóò rí àmì ọ̀hún, bó bá súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n dáadáa.

Báàjì kan tí ilé iṣẹ́ epo kan pa tì sínú omi nítòsí Òde Ùgbò ló mú àwọn eléré náà wá sí etídò Ìlàjẹ. Ọkọ̀ onírin pẹrẹsẹ ni, ó ti dípẹtà, páìpù àti àkàbà irin sì kún inú rẹ̀. Kọ́lájọ, tó ń darí eré náà, rí i, ó ní ọkọ̀ ojú ọ̀run rèé, òun kò ní í kan pákó kankan mọ́. Wọ́n gba ilé sí Màhíntẹ̀dó. Ọjọ́ kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni aṣọ ti ń ya. Wọ́n béèrè ẹni tó lè ránṣọ, gbogbo ọwọ́ sì nà sí ilé Rèbékà.

Kì í ṣe àná ni Rèbékà ti ń rán aṣọ iṣẹ́. Ìlú àwọn onígbàgbọ́ kan létí òkun, tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947, ni wọ́n bí i sí. Gbogbo ará ibẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà náà bí ọmọ ìyá, Sárà ìyá rẹ̀ ló sì ń darí yàrá ìránṣọ. Bí Sárà bá fẹ́ gé aṣọ fún àwọn apẹja, yóò kọ́kọ́ bá wọn jókòó sínú ọkọ̀, yóò máa wo bí apá wọn ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ju àwọ̀n. Ó máa ń sọ pé aṣọ iṣẹ́ tí kò mọ iṣẹ́ náà, ẹrù lásán ni lára ẹni. Òkun ti gbé yàrá ìránṣọ yẹn lọ, ó gbé ilé wọn tẹ̀lé e, òun ló sì sọ Rèbékà di ará Màhíntẹ̀dó. Ṣùgbọ́n òkun kò rí ọwọ́ rẹ̀ gbé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi rán ibi tó ya. Bí Ọlọ́rundáre, tó ń ṣe ọ̀gá ọkọ̀, bá ti gun àkàbà, ìdí aṣọ rẹ̀ á là. Bó bá gbé ọwọ́ sókè láti pàṣẹ, abíyá á ya. Oòrùn ọ̀sán a sè é nínú fóòmù bí ọ̀lẹ̀ inú ewé, òógùn a máa kán láti ẹnu apá aṣọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí Rèbékà ń dí ibi tó ya fún ìgbà kẹfà, ó ní kí Jọọlá jẹ́ kí òun gbé síìpù wá sí iwájú, kí òun sì fi aṣọ díẹ̀ kún abẹ́ abíyá.

"Mama," Jọọlá dáhùn, "ibi tó bá ya ni kí ẹ máa rán. Ìmọ̀ràn ò sí nínú iṣẹ́ yín. Ohun tí ẹ mọ̀ ni aṣọ àwọn tó ń pẹja. Èyí kọjá bẹ́ẹ̀."

"Ó kọjá bẹ́ẹ̀ lóòótọ́," ni Rèbékà wí. "Àwọn tó ń pẹja máa ń ríbi gbé ọwọ́ wọn sókè."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò gba Jọọlá nímọ̀ràn mọ́, àfi pé bó bá ń kọjá, Rèbékà a máa wo bàtà rẹ̀ aláwọ̀ funfun nínú ẹrẹ̀, a sì máa yínmú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ṣìkẹ́mi, tó ń ṣe dókítà inú ọkọ̀ ìràwọ̀, ni ó yẹ kó fò láti orí báàjì sínú ọkọ̀ oníẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n kùn ní fàdákà. Ọmọ Etíkàn létí òkun ni Ṣìkẹ́mi. Ó ti mọ̀wẹ̀ kó tó mọ ìrìn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Kọ́lájọ kò fi wá ẹlòmíràn tí yóò fò dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ náà mú un lẹ́sẹ̀ bó ti fẹ́ na itan. Kò dé inú ọkọ̀. Ó já sínú omi.

Àwọn tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ̀ pé yóò jáde. Kò jáde. Fóòmù tó wà ní àyà àti èjìká rẹ̀ ti mu omi yó, ó ń fà á lọ sísàlẹ̀ bí òkúta ìdákọ̀ró. Apá rẹ̀ kò gbé, torí aṣọ kò fàyè sílẹ̀. Nígbà tí orí rẹ̀ yọ, ẹnu rẹ̀ ti kún fún omi, ó sì tún rì. Mátíù, awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ kékeré gbé Rèbékà wá síbi iṣẹ́, bẹ́ sínú omi, ó dì í mú lábẹ́ abíyá, ó fà á dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, níbi tí Rèbékà jókòó sí. Wọ́n fà á títí, kò ṣeé gbé wọlé. Ẹnìkan wá síìpù lẹ́yìn rẹ̀, iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́, kò sọ̀.

Rèbékà fi àyà lé etí ọkọ̀. Ó ti sísọ́ọ̀sì rẹ̀ bọ ọrùn aṣọ náà, ó sì là á láti ìpàkọ́ wálẹ̀ dé ìdí, bí ìgbà tí wọ́n bá ń la ẹja fún sísun. Aṣọ náà bọ́, ó rì lọ tòun ti fóòmù rẹ̀. Ṣìkẹ́mi wọlé sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ṣẹ́mí àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan lára rẹ̀, ó bì, ó bì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Rèbékà tú ìró rẹ̀ òkè, ó fi bò ó.

Orí báàjì ni Jọọlá wà ní gbogbo àkókò yìí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Mama, síìpù lẹ̀ bá tú. Mẹ́ta péré ni aṣọ dókítà tí a ní."

Ọlọ́rundáre, ọ̀gá ọkọ̀, ni ó kọ́kọ́ yí padà, ó ní kí ẹni tó wà nítòsí òun bá òun ṣí ẹ̀yìn aṣọ òun. Ó bọ́ ọ sílẹ̀ lórí irin báàjì. Àwọn yòókù bọ́ tiwọn náà. Ọ̀kan kò wọ̀ ọ́ mọ́ nínú wọn.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Kọ́lájọ wá bá Rèbékà nílé. Ó bẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn rán aṣọ mìíràn láàárín ọjọ́ márùn-ún.

"Ẹni yìí," Rèbékà tọ́ka sí ọ̀kan nínú àwòrán àwọn òṣèré tó mú wá, "kí ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀?"

Kọ́lájọ họ orí. "Ó máa ń dúró ti ẹ̀rọ."

"Kí ló ń fi ọwọ́ ṣe níbẹ̀?"

Rèbékà wò ó pé ọdún mẹ́jọ ni ọkùnrin yìí ti ń darí ọkọ̀ yẹn lójú ọ̀run, kò sì mọ ohun tí àwọn èrò inú rẹ̀ ń ṣe. Ó ní kí gbogbo òṣèré padà sórí báàjì ní àárọ̀ Ajé, kí wọ́n máa ṣe bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Òun jókòó tì wọ́n pẹ̀lú téèpù lọ́rùn.

Irú aṣọ tó nípọn tí wọ́n fi ń rán ófárọ́ọ̀lù, ẹ̀wù iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo, ló rà. Ó mú àwọ̀ mẹ́ta àtijọ́ padà. Ó fi bọ́tìnnì sí ìgbọ̀nwọ́ aṣọ dókítà, kó lè ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, kó sì dúró. Ó fi àpò gígùn sí itan àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, sípánà sì wọ inú rẹ̀ rẹ́gí. Èjìká ọ̀gá ọkọ̀ ló fi ìlà ipò rẹ̀ sí, ó sì fẹ̀ débi pé ẹni tó wà ní òdìkejì odò á rí i. Nígbà tó parí, ó fi omi òkun fọ gbogbo rẹ̀, ó sá a sóòrùn lẹ́ẹ̀mẹrin, títí wọ́n fi ṣá díẹ̀, tí wọ́n dà bí aṣọ tó ti rin ìrìn àjò jìnnà. Ọlọ́rundáre wọ tirẹ̀, ó lóṣòó, ó dìde, ó sì na apá méjèèjì sókè.

Eré náà jáde, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ jù. Nígbà tó yá, wọ́n pe Jọọlá sórí tẹlifíṣọ̀n láti wá ṣàlàyé bó ṣe rí ọgbọ́n náà. Inú ṣọ́ọ̀bù Hánà, àbúrò Rèbékà, ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti wò ó. Jọọlá ní oṣù méje ni òun fi ronú lórí bí ara ènìyàn yóò ṣe rí lọ́jọ́ iwájú. Ó ní lójú àlá ni òun ti rí àwọ̀ náà, oòrùn ń wọ̀ lórí ìràwọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sì dákẹ́?" Hánà bi í. "Kò tilẹ̀ dárúkọ yín."

"Ẹnu dùn ún ròfọ́," ni Rèbékà wí. "Jẹ́ kó máa rò ó. Ṣé o rí kọ́là ọrùn rẹ̀? Ọ̀tún ga ju òsì lọ."

Ọdún kan lẹ́yìn náà, Jọọlá àti Kọ́lájọ tún dé fún eré ẹ̀kẹrin. Jọọlá kó ìwé àwòrán wá, ó pe Rèbékà ní alábàáṣiṣẹ́ òun, ó ní kí Mama fojú fo ọ̀rọ̀ àná. Rèbékà kò bá a jà. Ó gbé ẹ̀wù kan tí kò tíì ní apá sí iwájú rẹ̀, ó gbé apá méjèèjì tì í, ó kì òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un.

"Bá mi fi apá sí i," ó wí. "A ó dúró dè ọ́."

Jọọlá wo Kọ́lájọ. Kọ́lájọ wo ojú fèrèsé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó, ó rán an fún bíi wákàtí kan, ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, òógùn sì bò ó. Nígbà tó gbé e dìde, apá òsì ló wà lọ́tùn-ún, ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀wù náà sì kọjú síwájú bí orúnkún. Rèbékà mú un, ó fi kọ́ ara ògiri, ó jìnnà sí i díẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ẹ̀rín tó rín kì í ṣe kékeré, kò sì fi pamọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lájọ," ó wí nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, "bí àwọn ará ìràwọ̀ yín bá ní irú apá yìí, kí Jọọlá máa rán aṣọ wọn. Bí tiwọn bá rí bíi tèmi àti tiyín, orúkọ ẹni tó rán an ni kí ẹ kọ."

Jọọlá wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kúrò ní Màhíntẹ̀dó lọ́jọ́ náà. Rèbékà ló rán aṣọ eré ẹ̀kẹrin. Nígbà tó jáde, gbogbo àdúgbò kún ṣọ́ọ̀bù Hánà, wọ́n ń retí orúkọ rẹ̀ ní ìparí. Orúkọ náà yọ lóòótọ́, wọ́n sì kọ ọ́ kéékèèké, ó sáré kọjá. Hánà fò dìde, ó ní òun rí i. Àwọn yòókù ní àwọn kò rí nǹkan kan.

Rèbékà kò wò ó. Ó ṣì ń ro ẹ̀wù ọ̀gá ọkọ̀ tó ti rí nínú eré náà, tí ẹnìkan ní Èkó ti fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ní ìtẹ̀kutẹ̀, tí ojú rírán rẹ̀ sì dùbúlẹ̀ sí ibi tí òun kò fi í sí. Ó pòṣé, ó béèrè lọ́wọ́ Hánà bóyá omi tútù wà nínú ṣọ́ọ̀bù.