Abẹ́rẹ́ Wà Níbí, Káàdì Wà Lọ́hùn-ún

Tí mo bá ń pariwo, ẹ má bínú. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá jà.

Aránṣọ ni àbúrò mi ọkùnrin. Ọpọlọ rẹ̀ dàrú lọ́dún tó kọjá, àmọ́ láti ìgbà tó ti ń gba abẹ́rẹ́ kan lóṣooṣù ni ara rẹ̀ ti balẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi ránṣọ, tó sùn, tó tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà ọpọlọ ti kìlọ̀ fún mi pé tí abẹ́rẹ́ náà bá pẹ́ jù, ohùn tí kò ti ẹnu ẹnikẹ́ni jáde á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀.

Ni wọ́n bá ní ilé ìwòsàn àdúgbò ni á máa fún un báyìí, pé ilé ìwòsàn ọpọlọ àti ti àdúgbò ti jọ fọwọ́ síwèé àdéhùn. Inú mi dùn. Àṣé ìwé nìkan ni, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀.

A débẹ̀, nọ́ọ̀sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Orúkọ àbúrò mi wà lára páálí. "Abẹ́rẹ́ rèé, mà. Káàdì tí wọ́n kọ iye oògùn sí dà?" Mo wọkọ̀ méjì lọ sọ́dọ̀ dókítà. Onífáìlì wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè: "Káàdì kì í kúrò níbí. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kọ̀wé béèrè." Mo padà. Nọ́ọ̀sì ní, "Èmi kẹ̀? Dókítà ló yẹ kó kọ̀wé sí mi." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi gbá mi kiri bíi bọ́ọ̀lù. Àbúrò mi ò sùn mọ́. Ó ti ń tú aṣọ oníbàárà tó ti rán tán.

Lánàá, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti tọrọ nọ́ńbà dókítà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Mo mú àbúrò mi wọ yàrá nọ́ọ̀sì, mo pe dókítà, mo gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́. "Ẹ bára yín sọ̀rọ̀. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. A ò gbóhùn ara wa rí o."

Wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Dókítà ka iye oògùn látinú káàdì, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó kà á padà fún un. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ṣe mí bíi kí n sunkún, ó sì tún ṣe mí bíi kí n fọ́ nǹkan.

Nọ́ọ̀sì fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. "Ó yá, bọ̀dá, ẹ ká apá aṣọ yín sókè."

Àbúrò mi ò mira. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́: "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kí n má gbà á."

"Àwọn wo?"

Ó tọ́ka sí ògiri. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Lórí tábìlì, dókítà ṣì ń béèrè pé ṣé wọ́n ti fún un.