Aṣọ Tó Wà Lórí Okùn

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi, màá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dárúkọ Enid, àbúrò mi, mọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ fífọ̀, èmi àti olúwarẹ̀ la jọ máa fà á. Gbogbo Òpópónà Hessle ló mọ̀ mí mọ́ ìyẹn. Mo ti gbá obìnrin kan létí rí ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja díndín, tí pátì ànàmọ́ gbígbóná ọwọ́ rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, nítorí ó ní, "Ẹ wo Enid tó fọ ọkọ rẹ̀ sómi."

Eèwọ̀ ni, ẹ jẹ́ kó yé yín. Ní àdúgbò àwa apẹja ní Hull, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin kì í fọṣọ lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá ń lọ sókun. Bó bá fọ̀ ọ́, ọkọ rẹ̀ ló ń fọ̀ dànù yẹn. Kì í sìn ín dé èbúté, kì í sì í juwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wa, a bá a nílẹ̀ ni. Àwọn ọkọ wa á lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú òtútù ìhà Iceland, wọ́n á wálé fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á náwó bí ọba, wọ́n á tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Olówó ọjọ́ mẹ́ta là ń pè wọ́n.

Ọ̀kan nínú wọn ni Clifford, ọkọ Enid. Ìgbéyàwó wọn ò tíì gbó rárá nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀, Rosamund, gbéra nínú oṣù kìíní ọdún kan tí òtútù mú ju ti ìgbàkígbà lọ. Yìnyín dì lé ọkọ̀ náà lórí, ó wúwo, ó sì dojú dé. Kò sẹ́ni tó bọ̀ níbẹ̀, a ò sì rí òkú kan sin.

Ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn dé gan-an ni Ìyá Clifford bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé òun bá aṣọ lórí okùn lẹ́yìnkùlé Enid lọ́jọ́ tí ọkọ̀ lọ. Obìnrin yẹn ti kú tipẹ́, kí Ọlọ́run fi í síbi tó bá tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni kò bá a kú. Enid ò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń la ẹja, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, èmi ni mò ń yíjú padà. Mo mọ̀ dájú pé irọ́ ni. Enid tí kì í gba abẹ́ àkàsọ̀ kọjá nítorí ẹ̀rù eèwọ̀, òun ló máa wá fọṣọ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀?

Ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́, a darúgbó. Iṣẹ́ ẹja kú ní Hull, èbúté tí àwọn ọkọ wa ti ń wọkọ̀ di ẹrẹ̀ àti koríko. Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bethany bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àlejò bíi mélòó kan jọ ní ìrọ̀lẹ́, á máa mú wọn fẹsẹ̀ rìn káàkiri àdúgbò wa, á máa pìtàn fún wọn. Aládùúgbò mi kan bá wọn rìn. Bó ṣe dé ló kanlẹ̀kùn mi.

"Muriel, ó sọ ìtàn obìnrin kan tó fọṣọ o. Kò dárúkọ, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀."

Ara mi gbóná. Mo rò ó pé bí èmi àti Enid bá kú tán, irọ́ yẹn á ṣì máa rìn kiri Hull ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tí kò mọ̀ wá rí á sì máa fi ya fọ́tò. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn kí àbúrò mi tó kú. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ ń bá a, èmi ni màá sì mú òtítọ́ náà dání lọ. Mo sanwó ènìyàn méjì.

"Enid wa," mo wí fún un, bí àwa ará ibẹ̀ ṣe máa ń pe ẹbí wa, "wọ kóòtù rẹ, à ń lọ rìn kiri pẹ̀lú ọmọ tó ń pìtàn yẹn."

Mo ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Kò jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó kun ètè, ó sì dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

A ò pọ̀. Àwa méjì, tọkọtaya kan láti Leeds, àti ọkùnrin kan tó mú ajá rẹ̀ dání tí kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi ajá náà. Bethany kun irun rẹ̀ ní pupa fòò, ó wọ kóòtù òjò aláwọ̀ ọsàn. Kò mọ̀ wá rí.

"Ẹ káalẹ́ o! Ṣé bàtà ẹsẹ̀ yín dáa? Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn, ọkọ rẹ̀ ló máa pọ̀n ọ́n délé."

"Èmi kọ́ o," ni ọkọ tó ti Leeds wá dáhùn. "Ẹ̀yìn ń ro mí."

"Ta ló fẹ́ kí o pọn òun?" ni ìyàwó rẹ̀ fèsì. "Ìwọ tí o ò lè gbé àpò ànàmọ́ wọlé."

A rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kórìíra ọmọ náà ṣùgbọ́n kò jẹ́. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja hàn wọ́n, ó fi ilé ọtí igun títì hàn wọ́n, ó ní kò sí apẹja tó máa dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìyàwó apẹja tó máa ra aṣọ aláwọ̀ ewé.

"Wọn kì í sì í sọ pé ó dàbọ̀," Enid sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Bethany yíjú sí i. "Màmá, ṣé ọmọ àdúgbò yìí ni yín?"

"Ibí ni wọ́n bí mi sí."

"Ó dáa náà! Bí mo bá ṣìsọ, ẹ tún un ṣe fún mi o."

Mo ní, "Má ṣèyọnu, ọmọ mi, a máa tún un ṣe." Enid wò mí. Mo wo ọ̀nà.

A dé èbúté àtijọ́ bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lórí odò Humber. Omi ti fà, ẹrẹ̀ ló kù. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ máa ń tò sí, tí ariwo kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ajá ọkùnrin yẹn nìkan ló ń dún. Bethany gun òkúta kan.

"Níbí," ó wí, "ni ìyàwó kékeré kan ti pàdánù ọkọ rẹ̀. Ó ti gbàgbé eèwọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe jáde nílé báyìí, ó fọ aṣọ ibùsùn, ó sá a sórí okùn. Ìyá ọkọ rẹ̀ rí i, ó figbe ta: 'O ti fọ ọmọ mi lọ!' Ọkọ̀ náà ò padà mọ́."

Obìnrin Leeds pòṣé. "Òmùgọ̀ ọmọ."

Èmi rèé. "Irọ́ ni!" mo wí. "Irọ́ pátápátá ni! Obìnrin burúkú kan ló sọ ọ́ nítorí kò rí ẹlòmíràn bínú sí. Ẹni tí o ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ó ní orúkọ, ó ní ẹbí, kò sì fọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹnu àìmẹ́nu yín yìí..."

"Mo fọṣọ, Muriel," Enid wí.

Mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí.

"Mo fọṣọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ ibùsùn."

Ọkùnrin Leeds ṣí fìlà. Bethany sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta, ojú rẹ̀ pọ́n ju irun rẹ̀ lọ, ó ní kí àwọn mẹ́ta yòókù máa lọ wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kú sókun sí, ó ní òun ń bọ̀. Wọ́n lọ. Ìwà yẹn ni mo fi dárí jì í. Ó ku àwa mẹ́ta.

Enid jókòó sórí òkúta náà.

"Aṣọ òkun rẹ̀ ni," ó wí. "Súwẹ́tà rẹ̀ tó nípọn, àti àwọn ìbọ̀sẹ̀ funfun gígùn yẹn. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n lọ, ó jí láàárọ̀, ó ní òun ò lọ mọ́. Ó ní òun ò lọ mọ́ láéláé. Ìrìn àjò tó ṣáájú, ìgbì gbé ẹnìkan lọ níwájú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi àáké fọ́ yìnyín. Ó nawọ́ sí i, ọwọ́ ò tó o. Ó ń gbọ̀n lórí ibùsùn, Muriel. Clifford, tó ga báyẹn. Mo gbá a mọ́ra. Inú mi wá ń dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ní, ọkọ mi á máa sùn nílé. Mo kó gbogbo aṣọ òkun rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo ní bó bá ti gbẹ, màá kó o fún ẹni tó ń ra àkísà. Orin ni mò ń kọ bí mo ṣe ń sá a."

"Kí ló wá dé tó fi lọ?" mo bi í.

"Jebson wá."

Mo rántí Jebson. Òun ni àwọn olówó ọkọ̀ máa ń rán kiri ilé láti wá apẹja tí kò bá tíì wọkọ̀.

"Ó kanlẹ̀kùn. Ó ní, 'Enid, ọkọ rẹ ńkọ́?' Mo ní, 'Ó wà ńlé.' Mo fẹ̀rín sọ ọ́. Inú mi dùn pé mo lè sọ ọ́ lọ́jọ́ tí àwọn yòókù ń lọ. Ó wà ńlé. Jebson gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó bá a nídìí oúnjẹ. Ó ní, 'Cliff, ìwọ nìkan là ń dúró dè. Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?' Níwájú mi ló ti sọ ọ́. Kí ni Clifford fẹ́ sọ níwájú mi? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ní ẹ̀rù ń bà. Ó ní ìrìn àjò kan ṣoṣo yìí náà ni. Aṣọ rẹ̀ ń kán lórí okùn, Jebson ní wọ́n á yá a ní òmíràn lébúté. Mi ò sìn ín jáde. Mi ò juwọ́. Eèwọ̀ yẹn ni mo pa mọ́."

Bethany ti ń sunkún. Èmi ò lè sunkún, inú ló ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí màá bínú sí.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún ìyá rẹ̀?" mo ní. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí! Kí ló dé tí o ò sọ fún èmi?"

"Kí n sọ fún un pé ojo ni ọmọ rẹ̀? Ohun tí wọ́n á pè é nìyẹn. Ìwọ náà á sọ ọ́ fún gbogbo Òpópónà Hessle kí o lè gbà mí sílẹ̀. Àbí n kò mọ̀ ọ́?"

Ó mọ̀ mí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ǹ bá ti lọ kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja. Enid ti kú báyìí, kò sì sí ìbátan Clifford kan tó kù, ìdí nìyẹn tí mo fi lè la ẹnu mi. Ojo kọ́. Ọkùnrin tó bẹ̀rù ohun tó padà wá pa á, ojú rẹ̀ ríran ni.

"Màmá," Bethany wí, "ẹ má bínú. Mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láé. Màá yọ ọ́ kúrò."

"Má yọ ọ́." Enid nu ojú ọmọ náà fún un. "Wọ́n á ṣáà ní obìnrin náà ṣe nǹkan kan. Jẹ́ kó jẹ́ pé aṣọ ló fọ̀. Mo mọ̀ pé aṣọ kì í ri ọkọ̀, ọ̀rọ̀ aṣọ ò sì dùn mí rí. Ó tilẹ̀ ń bá mi bo ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Jebson mọ́lẹ̀. Má ṣáà sọ fún wọn pé ọkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ jókòó sílé."

A ò bá wọn parí ìrìn náà. A lọ dúró de bọ́ọ̀sì ní títì, mo so ọwọ́ mi kọ́ tirẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìtùnú tí mo ní ló tò wá sí ẹnu mi: pé Jebson ìbá wọlé bó ti wù kó rí, pé wọ́n á rí Clifford nílé ọtí, pé ọmọdé ni òun náà nígbà yẹn. Òótọ́ ni gbogbo wọn. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé kò sí ọ̀kan tí òun fúnra rẹ̀ ò tíì sọ fún ara rẹ̀ títí ó fi sú u.

"Enid wa," mo wí níkẹyìn, "ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn bá, tí wọ́n ní ọkọ rẹ ńkọ́, ohun tó máa sọ náà nìyẹn. Èmi náà ìbá ní ó wà ńlé."

"Mo mọ̀," ó wí. "Gbogbo ènìyàn ni ìbá sọ ọ́. Èmi ni mo wá sọ ọ́."