Ẹjọ́ Olóyè Gbànkọgbì

Ẹ̀ṣẹ̀ tí Tíṣà Rufus Akíntóyè kò dá ni wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ gba ọkọ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí, òun gan-an ni ì bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Fẹ̀yìntọlá nìkan ni ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú, ọmọ náà sì ti ń pe ara rẹ̀ ní ìyàwó Babájídé káàkiri ilé. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ rárá.

Nǹkan le koko láwọn ọdún náà. Ìjọba kò san owó oṣù tíṣà, àwọn awakọ̀ ń tò fún epo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì sì ti di àlejò nílùú Oǹdó. Rédíò ló kù tí aráyé fi ń pa ìrònú rẹ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹni tó bá rí bátìrì rà á gbé rédíò síta, àwọn aládùúgbò á yí i ká, eré á sì bẹ̀rẹ̀ láti Àkúrẹ́. Olóyè kan wà nínú eré náà tó ń jẹ́ Gbànkọgbì. Ó gba oko kòkó mọ́ ọmọ òrukàn lọ́wọ́, ó búra èké ní kóòtù, nígbà tó sì kan ìyàwó rẹ̀, ó tì í síta nínú òjò tòun ti oyún. Ohùn Gbànkọgbì yìí, ohùn Tíṣà Rufus ni.

Ó mọ̀ ọ́n ṣe ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá ti ń kọjá ní àdúgbò Ọ̀dọ̀sídà, àwọn obìnrin á máa ṣẹ́ èpè lé e tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Gbànkọgbì, o ò ní kú ire!" Òun náà á fọwọ́ kan fìlà, á ní, "Ẹ ṣeun o." Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́mọ ti di ìgbàgbé ládùúgbò. Kò dùn ún rí. Òṣèré wo ni irú rẹ̀ ń dùn?

Ìwádìí ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn àgbà kì í dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ láìjẹ́ pé wọ́n ti rán ènìyàn lọ béèrè nípa ìdílé ìyàwó, bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá olè, bóyá ìkà. Ará Àkúrẹ́ ni Babájídé. Bàbá rẹ̀ rán àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Bísọ́dún, wá sí Oǹdó. Obìnrin yìí mọ iṣẹ́ ìwádìí bí ẹni mowó. Kì í sún mọ́ ilé ẹni tó ń wádìí. Ìdí ẹ̀rọ ìlọta ló máa ń lọ, níbi tí àwọn obìnrin ti ń dúró de ata wọn, tí ẹnu kì í sì í dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni kò ní, bátìrì. Ó ti pẹ́ tí rédíò tirẹ̀ ti dákẹ́ lórí àpótí.

Ẹ bá mi wo nǹkan. Ó dé ìdí ẹ̀rọ, ó béèrè Tíṣà Akíntóyè. Wọ́n ní, "Ṣé Gbànkọgbì?" Ẹnì kan nawọ́ sí ilé rẹ̀, ó ní òun náà ni. Àǹtí Bísọ́dún ní kí wọ́n jọ̀wọ́, irú ìwà wo ló ń hù? Làwọn obìnrin yìí bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ti oko kòkó, wọ́n sọ ti kóòtù, nígbà tí wọ́n sì dé orí ìyàwó inú òjò, ìyá àgbàlagbà kan nu ojú. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Wọ́n rò pé torí àlejò yìí kò gbọ́ eré ti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló ṣe ní kí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún òun. Àǹtí Bísọ́dún kò dúró gba omi mu. Ó wọ ọkọ̀ padà sílé, ó ní ìdílé ìkà ni, àwọn kò fẹ́ mọ́.

Babájídé ló sáré wá sí Oǹdó wá ṣàlàyé. Ó ní òun ti sọ ọ́ títí pé eré ni, Àǹtí òun sì ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá òun ló kù. Bàbá òun mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé eré ni, òun gan-an a máa gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ní òun ní ìbéèrè kan tí òun fẹ́ bi ọkùnrin náà lójúkojú. Bó bá dáhùn rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n dá ọjọ́. Bí kò bá dáhùn rẹ̀ dáadáa, kí òun Babájídé lọ wá ìyàwó síbòmíràn.

"Ìbéèrè wo nìyẹn?" Rufus bi í.

"N kò mọ̀, sà. Àmọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti ìyàwó yẹn síta nínú òjò, Bàbá kò gbọ́ eré yẹn mọ́. Ó pa rédíò láàárín ọ̀rọ̀, ó wọ yàrá lọ."

Nígbà tó di ọjọ́ ìrìn-àjò, Fẹ̀yìntọlá sin bàbá rẹ̀ dé gáréèjì. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Bí ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú lójú fèrèsé.

"Bàbá mi, mo mọ̀ yín. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Gbànkọgbì báyìí, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà rẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbèjà rẹ̀ lónìí. Ẹ sọ pé ìkà pátápátá ni, ẹ sọ pé ẹ kórìíra rẹ̀. Ẹnu lásán náà ni."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ṣèlérí."

Ó ṣèlérí. Láti Oǹdó títí wọ́n fi kọjá Ọwẹ́nà, ó ń tún un sọ sínú bíi pé ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ eré: ìkà pátápátá ni, mo kórìíra rẹ̀. Ẹni tó ti fi ohùn ara rẹ̀ gba oko ọmọ òrukàn, gbólóhùn kékeré yìí ló wá ń há a lọ́fun. Inú bí i sí ara rẹ̀. Ta ni Gbànkọgbì? Inú ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọmọ òun, ẹlẹ́ran ara ni. Ó pinnu pé òun yóò sọ ọ́, kí òun sì máa bá tòun lọ.

Ilé wọn wà ní Ìsọ̀lọ̀ ní Àkúrẹ́. Bàbá Oyèníyì, bàbá Babájídé, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọkùnrin gbọọrọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Rufus dọ̀bálẹ̀ kí i, bàbá náà ní kó dìde. Wọ́n gbé omi fún un, kò lè mu ún. Babájídé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń fi ìka gbá orúnkún ara rẹ̀. Àǹtí Bísọ́dún ni kò lè mú un mọ́ra.

"Ẹ káàbọ̀ sí ulé wa, Tíṣà. Jídé ní eré ni, mo ti gbọ́. Àní mo ti fetí ara mi gbọ́ ọ lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ìgbà tí mo wá gbọ́ ọ tán ni ẹ̀rù tún bà mí sí i! Ẹni rere wo ni irú ohùn yẹn ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ní gbogbo ùlú yìí?"

"Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún mi ni, Àǹtí."

"Wọ́n kọ ohùn mọ́ ọn?"

Bàbá Oyèníyì gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, obìnrin náà sì dákẹ́.

"Tíṣà," ni bàbá náà wí, "ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Gbànkọgbì yẹn, ṣé ìkà pátápátá ni? Àbí nǹkan rere kan ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ?"

Ọkàn Rufus balẹ̀. Ṣé èyí náà ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà á? Babájídé ń mi orí sí i láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pé kó sọ ọ́. Àǹtí Bísọ́dún náà ń dúró de gbólóhùn yẹn. Ó hàn lójú rẹ̀ pé bó bá ti gbọ́ ọ, òun yóò dárí jì í. Rufus la ẹnu.

"Ìkà..." ló wí, ó sì gbójú sókè.

Ojú bàbá náà ló dá a dúró. Ó ti rí irú ojú yẹn nínú kíláàsì rí, ojú ọmọ tó mọ ohun tí òun ṣe, tó sì ti na ọwọ́ sílẹ̀ de pàṣán. Kò mọ ìdí rẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé bí òun bá parí gbólóhùn yẹn, ẹnì kan nínú yàrá náà ni òun yóò fi nà.

"Kì í ṣe pátápátá, sà."

Babájídé dojú délẹ̀. Àǹtí Bísọ́dún pàtẹ́wọ́: "Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀ ń gbọ́ ọ?" Rufus rántí ọmọ rẹ̀ ní gáréèjì, ó sì dùn ún wọnú egungun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde, kò sì sí bó ṣe lè kó o padà.

"Bó bá jẹ́ pátápátá ni, n kò ní lè ṣe é," ló ń bá a lọ. "Bí kò bá sí ènìyàn nínú rẹ̀, ariwo lásán ni ẹ ó máa gbọ́, ẹ ó sì yí rédíò síbòmíràn. Ohun tó ṣe burú, n kò ní kò burú. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ òjò yẹn, ẹ̀rù ló ń ba Gbànkọgbì. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti sọ fún un pé oyún náà kì í ṣe tirẹ̀. Ó ń bẹ̀rù kí aráyé má fi òun ṣẹ̀sín. Ó ti obìnrin náà síta, ó fi ìkọ́ há ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Èyí tó kù, èmi ni mo rò ó sínú ara mi kí ohùn lè jáde. Nínú ọkàn mi, kò kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Ó fọwọ́ lé ìkọ́ yẹn, ó ń gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń pe orúkọ rẹ̀, títí òjò fi dá. Ó fẹ́ ṣí i. Kò ṣí i."

Bàbá Oyèníyì tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

"Ọwọ́ òsì," ni Bàbá Oyèníyì wí.

"Ẹ ní kí ni, sà?"

"Ọwọ́ òsì ni mo fi di ìkọ́ náà mú. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló gbé Jídé. Ó ń sunkún, mo tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ àyà mi kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́."

Babájídé gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. "Bàbá, ẹ ní ìyá mi sá lọ ni."

"Kò sá lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Àǹtí Bísọ́dún dìde, ó tún jókòó. "Ẹ ní ẹ jí láàárọ̀, ẹ ò bá a nínú ulé! Àtìgbà náà ni mo ti ń bú u!"

"Mo purọ́ fún yín. Mo fẹ́ lọ wá a lọ́jọ́ kejì, ìtìjú kò jẹ́. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni ìtìjú ń gbèrú. Obìnrin ló fi oyún yẹn bí. Mo rí ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ lọ́jà, ojú mi ló gbé kalẹ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni wọ́n pa fún mi. Mo yí padà, mo wá ilé."

"Ọjà wo?" Babájídé bi í. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá, ìyẹn gan-an ló sì ba Rufus lẹ́rù.

"Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ ń tajà títí di òní."

"Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tí ẹ máa ń rán mi lọ ra iṣu?"

Bàbá náà yíjú sí Rufus. Omi ti dúró lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé kóòtù kò tíì kúrò nínú ara rẹ̀. Ó fẹ́ gbọ́ ìdájọ́. "Tíṣà, ìwọ náà ti gbọ́ ọ tán. Ọkùnrin yìí ńkọ́? Ṣé ìkà pátápátá ni?"

Àánú rẹ̀ ṣe Rufus, inú sì bí i sí i, méjèèjì pọ̀ nígbà kan náà. Ó rọrùn láti sọ fún un pé rárá, sà, ẹ má sunkún mọ́. Ohun tí bàbá náà ń tọrọ nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo Babájídé níbi tó wà, kò sì lè sọ ọ́.

"Bàbá, ti Gbànkọgbì ni mo mọ̀, torí èmi ni mo wà nínú rẹ̀. Ti èyí, kì í ṣe èmi ló yẹ kí ẹ bi. N kò sí nínú òjò náà. Obìnrin tó wà nínú rẹ̀, òun ni kí ẹ lọ bi."

Bàbá Oyèníyì mi orí, ó sì ń mi ín lọ. Nígbà tó yá, ó ní òun kò rí àbàwọ́n kankan lára Tíṣà yìí, kí Babájídé lọ dá ọjọ́ tó bá wù ú.

"N ó fẹ́ Fẹ̀yìntọlá," ni Babájídé wí. "Èyí ti parí. Ìyá mi ló máa jókòó síbi tí ìyá ọkọ ń jókòó sí lọ́jọ́ náà. Bóyá ẹ̀yin náà ó jókòó tì í, òun ló máa sọ ọ́." Ó dìde. "Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. N kò mọ ohun tí mo máa sọ bí mo bá rí i."

Rufus tẹ̀ lé e. Ohun tó wá sí Àkúrẹ́ wá ṣe ti bọ́ sí i, Fẹ̀yìntọlá yóò fò sókè tó bá gbọ́, síbẹ̀ kò lè yọ̀. Lójú títì, Babájídé dá takisí kan dúró, ó sì wọlé sí iwájú. Rufus fẹ́ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nígbà tó rí Bàbá Oyèníyì tó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́, Àǹtí Bísọ́dún ń tẹ̀ lé e, ó ń sunkún.

Rufus ní kí awakọ̀ mú sùúrù díẹ̀. Babájídé kò wẹ̀yìn. Rufus sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.