Ohun Tí Ìsìmáílà Fi Àjíkẹ́ Ṣe

Ní gbogbo ọjà Ṣàngótẹ̀dó, níbi tí Bàlíkísù ti ń ta kọ́tìnnì, kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, kì í wọn aṣọ ní ìwọ̀n-dín-kù, oníbàárà tó bá sì dá aṣọ padà, kì í bá a fà á. Àwọn òǹkọ̀wé ló yẹ kó máa bẹ̀rù rẹ̀, orí ló sì kó wọn yọ tí wọn kò mọ̀ ọ́n. Bí obìnrin yìí bá ti jókòó ti ìwé ìtàn, adájọ́ ló jókòó yẹn, kò sì sí lọ́yà tó máa bá òǹkọ̀wé rojọ́.

Kó tó ka ojú ewé kìíní, èyí tó kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Bí ẹni rere bá kú síbẹ̀, ó pa ìwé náà dé nìyẹn. Nígbà tó wà ní omidan, wọ́n pa ọmọbìnrin kan tó fẹ́ràn fún un ní ìparí ìwé, ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi lè jẹun kánú. Láti ìgbà náà ló ti ní òun kì í wọ mọ́tò tí òun kò mọ ibi tó ń lọ, pàápàá èyí tó bá ń lọ sí itẹ́ òkú. Ìwé tó bá gba ibẹ̀ kọjá, ogún ojú ewé ló ní láti fi bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá ti wọ̀ ọ́ lára títí dé ogún, ó di ti Jùmọ̀kẹ́ tó ń ta abọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ẹni tí kì í ṣa ìwé ní tirẹ̀: kí ìfẹ́ ṣáà ti wà nínú rẹ̀, kí ọkùnrin ibẹ̀ sì ga.

Kò gbà kí obìnrin inú ìwé máa dákú. Ó ní ẹni tó bá dákú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ilé ìwòsàn ló yẹ kí òǹkọ̀wé gbé e lọ, kì í ṣe ilé ọkọ. Kò fẹ́ràn ìwé tó bá fi òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì ti ń pè ní arẹwà láti ojú ewé kejì, ó máa ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Ìsìmáílà ọkọ rẹ̀ mọ gbogbo òfin yìí ní àmọ̀dunjú. Abraham Adésànyà Estate ní Ajah ni wọ́n ń gbé, àwọn méjèèjì péré, nítorí Ṣèyílọ́lá ọmọ wọn ti lọ ka ìwé ní Ìlọrin. Iṣẹ́ awakọ̀ ló ń ṣe fún ọ̀gá kan ní Lẹ́kkí Phase 1. Bí ènìyàn bá gbọ́ pé awakọ̀ ọ̀gá ni ẹnì kan, yóò rò pé ọkọ̀ ló ń wà láti àárọ̀. Irọ́ ni. Ìdúró ló ń dúró. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi àkókò náà sùn, wọn a máa fi ṣàlàyé bọ́ọ̀lù tí wọn kò gbá. Ìsìmáílà ń fi tirẹ̀ kọ ìwé.

Ọdún mẹ́ta ló fi kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ọmọléèwé tó ń tọ́jú sábẹ́ ìjókòó níbi tí jáàkì wà. Kò sọ fún ẹ̀dá alààyè kan. Nígbà tó parí, ó kó o fún Yọ̀mí, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Jákàńdè, pé kó bá òun tẹ̀ ẹ́, kí Bàlíkísù má baà dá ọwọ́ òun mọ̀. Ó sì pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ìyàwó òun bá ka ìwé yìí tán, òun máa gbé e lọ bá àwọn tó ń tẹ ìwé ní Ìbàdàn. Bí kò bá kọjá ogún, òun máa kó o fún ẹlẹ́pà kó fi máa di ẹ̀pà, òun kò sì ní kọ ìlà kan mọ́ láyé òun.

Ojú ewé tó kẹ́yìn ni wàhálà. Àjíkẹ́, ìyàwó ọkùnrin inú ìtàn náà, kú níbẹ̀. Kì í ṣe pé ikú náà wù ú. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ̀wé tó máa ń gbé lẹ́yìn ọkọ̀ pé ìwé gidi kì í fi ẹ̀rín parí, òun náà kò sì fẹ́ kí tòun jẹ́ ìwé eré. Ṣùgbọ́n bí Bàlíkísù bá fi ojú kan ikú yẹn, kò ní ka ìyókù. Nítorí náà, ó yọ ojú ewé náà, ó fi sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ó gbé ìwé náà fún un. "Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ló kọ ọ́. Ó ní kí n bá òun wá ẹni tó mọ ìwé kà."

Bàlíkísù gbà á, ó dà á bolẹ̀, ó wo ẹ̀yìn. "Èyí tó kù ńkọ́?"

"Ó ní òun ò tíì kọ ọ́ tán."

"Ẹni tí ò tíì mọ ibi tó ń lọ ló wá ń pe èrò." Ó yọ ṣùtì, ṣùgbọ́n ó gbé e sínú báàgì rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń mu ẹ̀kọ, ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀. "Bàbá Ṣèyí, awakọ̀ lẹni tó kọ ìwé yìí."

Ẹ̀kọ fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun mìíràn lọ. "Kí lo fi mọ̀?"

"Obìnrin ń rọbí, ọkọ ẹ̀ ń gbé e lọ sí hospital. Láti Ajah títí dé Phase 1, ó ka gbogbo ráńdábáọ́tù tó wà lójú express láyé ìgbà yẹn, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó sọ ibi tí olópàá máa ń dúró sí. Ó sọ ibi tí omi máa ń dá sí. Obìnrin ń pariwo lẹ́yìn, òun ń júwe ọ̀nà. Ojú ewé mẹ́fà gbáko."

"Bóyá ó fẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀nà yẹn jìn ni."

"A mọ̀. Àwa náà ń gbé Ajah."

Ìsìmáílà bojú wo abọ́ ẹ̀kọ rẹ̀. Ojú ewé mẹ́fà yẹn gan-an ló gbójú lé jù nínú ìwé náà. "Ibo lo wá kà á dé?"

"Kẹtàdínlógún," Bàlíkísù ní, ó sì dìde lọ fọ abọ́.

Ojú ewé mẹ́ta péré ló kù kí ẹlẹ́pà gbà á. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, Ìsìmáílà kò rántí ohun tó jẹ lọ́sàn-án. Títí di ọjọ́ Ajé, ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti béèrè mọ́. Ó wà níbi tó ti ń dúró de ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí Jùmọ̀kẹ́ pè é lórí fóònù.

"Bọ̀dá Ìsìmáílà, irú ìwé wo lẹ fún Ìyá Ṣèyí? Customer wá ra kọ́tìnnì fèrèsé mẹ́fà, Ìyá Ṣèyí ní kó jókòó ná, òun fẹ́ parí chapter. Obìnrin yẹn ti lọ o."

"Ṣó ti kọjá ogún?"

"Ogún kẹ̀? Ó ti lé ní ọgọ́rin. Mo ní kó fún mi tó bá kà á tán, ó ní rárá."

Inú Ìsìmáílà dùn débi pé nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ jáde ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó kí i pé ẹ káàárọ̀. Ọ̀gá wò ó títí, ó wá wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbàgbé nígbà tó ń kọ̀wé ni pé òǹkọ̀wé kì í rí ènìyàn kọ bí kò ṣe èyí tó mọ̀. Obìnrin kan ṣoṣo ló sì mọ̀ dáadáa. Ní orí kẹsàn-án, ó kọ ọ́ pé bí inú bá ń bí Àjíkẹ́, kì í sọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń lọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í to bàtà ní méjì méjì. Bí bàtà gbogbo bá ti rí ìkejì rẹ̀ tán, ìbínú ti tán nìyẹn, ọkọ rẹ̀ sì lè yọjú láti yàrá. Bí Bàlíkísù ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn láti ọdún méjìlélógún. Ìsìmáílà kọ ọ́ láìronú, àfi bíi pé gbogbo obìnrin ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bàtà wà káàkiri ẹnu ọ̀nà bí ìgbà tí adìẹ tú wọn ká. Bàlíkísù jókòó, ìwé wà lórí itan rẹ̀. Ó wo bàtà náà, ó wo ọkọ rẹ̀. Kò dìde.

"Oúnjẹ wà lórí tábìlì," ó ní.

Ìgbà yẹn ni Ìsìmáílà rántí orí kẹsàn-án. Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ náà, Bàlíkísù kò dárúkọ ẹni tó kọ ìwé mọ́. Ó ń kà á lọ, ó ń rọra ṣí i, nígbà mìíràn a padà sẹ́yìn lọ tún ibì kan kà. Ọkọ rẹ̀ ń yọjú wò ó láti ilé ìdáná bí ẹni tí wọ́n ń dá ẹjọ́ rẹ̀ ní kóòtù tí kò gbọ́ èdè ibẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ máa ń jẹ́ kó gbé ọkọ̀ sùn nílé ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé, ó ń fọ̀ ọ́ níwájú ilé nígbà tí Bàlíkísù jáde sí i, ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti kà á tán."

Ohun tó ti ń dúró dè láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú tó fi sọ ọ́ kò jẹ́ kí Ìsìmáílà lè yọ̀. "Báwo lo ṣe rí i?" ó béèrè.

"Bàbá Ṣèyí, kí lẹ fi mí ṣe níparí?"

Kànrìnkàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló ní ìwọ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń bá ara mi rìn nínú ìwé yìí. Kí lẹ fi mí ṣe?"

"Mo lè tún un kọ. Lọ́la gan-an, mo lè ní kí Yọ̀mí..."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ tún un kọ. Èyí tẹ́ ẹ kọ ni kẹ́ ẹ fún mi."

Kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó ṣí ọkọ̀, ó yọ ojú ewé náà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Àmì bàtà ti wà lára rẹ̀. Bàlíkísù kà á lórí ìdúró, kò sì pẹ́, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ:

Ní ọjọ́ Alámìsì, ibà mú Àjíkẹ́.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Kò padà wálé.

"Ibà," Bàlíkísù ní.

"Ibà ni."

"Ojú ewé mẹ́fà lẹ fi júwe express. Ìlà mẹ́ta lẹ fi pa mí." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ìyẹn ló sì jẹ́ kó burú. "Ṣé bí mo ṣe tó lójú yín nìyẹn?"

Ìsìmáílà jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Mi ò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Inú ọkọ̀ ni mo wà, níwájú báńkì kan ní Phase 1. Bí mo ṣe kọ ìlà kẹta báyìí, ẹkún gbé mi. Mo dorí kọ steering, mo ń ké bí ọmọ ọwọ́. Sẹ́kúríìtì ibẹ̀ wá kan gíláàsì, ó ní ta ló kú. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Mo ní ìyàwó mi ni."

"Ẹ sọ pé mo kú?"

"Ó gbàdúrà fún mi. Ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ọ sí afẹ́fẹ́ rere. Títí dòní, bí mo bá ti dé báńkì yẹn, á wá kí mi kú ará fẹ́ra kù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní àbúrò òun kan wà ní Ìkòròdú tí ọkọ ẹ̀ ṣaláìsí, pé obìnrin náà mọ ọkọ tọ́jú."

Bàlíkísù jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn, ó tún ìlà mẹ́ta náà kà, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Omi wà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ìsìmáílà fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tí ì bá bẹ̀ fún nínú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, irọ́ tó pa ni tàbí ènìyàn tó pa.

"Ẹ gbé e lọ Ìbàdàn," Bàlíkísù ní.

"Pẹ̀lú ikú yẹn?"

"Pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kan kún un." Ó to àwọn ìwé náà jọ, ó fi èyí tó kẹ́yìn sí àyè rẹ̀, ó gbé gbogbo rẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Láti ìgbà tí Ìsìmáílà ti fẹ́ ẹ, kò rí i kó gba òkú sínú ìwé rí.

Bàlíkísù dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Aago mélòó ni sẹ́kúríìtì yẹn máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Mọ́ńdè?"

"Láti àárọ̀ ni. Kí ló dé?"

"Ẹ óò gbé mi débẹ̀. Mo fẹ́ kó rí mi," ó ní, ó sì wọlé lọ wo aṣọ tó máa wọ̀.