Ọ̀já Ọwọ́ Tó Ń Jẹ Ooru

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín ní orúkọ Olúwa. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó fi èémí sí wa nímú títí a tún fi rí ara wa lórí ìwé yìí. Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ti Bọ́sẹ̀ fún yín.

"Màámi, ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́."

Bọ́sẹ̀ gbé orí sókè láàárín aṣọ òkìríkà tó ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ikpoba Hill. Èyítọ́pẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ta ló ń lé ọ, Èyí mi?" Inú ìyá ti dùn kó tó béèrè. Ó pẹ́ tí ọmọ náà ti wá sílé kẹ́yìn. Iṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì ní Ugbowo ti gbà á lọ́wọ́ ìyá bí ọkọ ṣe ń gba ìyàwó.

"Ẹ̀yin lẹ lé mi. Fóònù mi ní ọkàn yín ò lù mọ́."

"Ọkàn ta ni? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀bà tán?"

Èyítọ́pẹ́ rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó di ọwọ́ òsì ìyá rẹ̀ mú. Ọ̀já tín-ín-rín kan tó rọ̀ bí awọ ló wà níbẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é. Ooru ara ni ọ̀já náà ń sọ di iná mànàmáná. Iná yẹn ló ń bọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka lílù ọkàn ìyá, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí fóònù ọmọ. Kò lo bátìrì, kò sì retí iná ìjọba. Láti ìgbà tí ọkàn Bọ́sẹ̀ ti ń lù ségesège ló ti ń dè é mọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lónìí, apá súwẹ́tà tó nípọn kan ló bò ó mọ́lẹ̀.

"Màámi, kí lẹ fi bò ó?"

"Ṣebí o ní ooru ló ń jẹ. Òjò àárọ̀ mú òtútù wá, mo ní kí n má febi pa á. Mo bá gé apá súwẹ́tà kan wọ̀ fún un."

"Kì í ṣe ooru nìkan, mà. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tutù. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló ń di iná. Ẹ ti mú méjèèjì gbóná dọ́gba, ló ṣe kú."

"Mo ti kẹ́ ẹ bà jẹ́ nìyẹn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. "Jókòó, kí n gbé ọbẹ̀ kaná fún ọ."

"Mi ò lè jókòó, mà. Iwájú àwọn ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò ni mo ti sá wá. Láolú ẹlẹgbẹ́ mi ló ń bá mi bẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá bínú lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó tún yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó bọ́ apá súwẹ́tà náà, ó kúnlẹ̀ dágbére, kẹ̀kẹ́ sì gbé e lọ.

Ọ̀sẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Bọ́sẹ̀ kò gbúròó ọmọ rẹ̀. Ó wo apá súwẹ́tà náà lórí òkìtì aṣọ. Bí òun bá wọ̀ ọ́, ọmọ á dé kí ọjà tó tú. Ó mú un, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ó wá rántí bí omi ṣe bọ́ lójú ọmọ náà. Ó fà á yọ, ó gbé fóònù.

"Màámi, kí ló ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan. Ọkàn mi ń lù, ìwọ náà ṣáà ń rí i. Àárò rẹ ló ń sọ mí. Ọ̀já rẹ ò lè ka ìyẹn, ni mo ṣe ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́."

"Lọ́jọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì yín ni mo máa wá, mà. Ẹ bá mi gba àyè sí ẹ̀gbẹ́ yín."

Ìwọ tí o kà á dé ìhín, kí Olúwa má jẹ́ kí àárò pa ẹnu rẹ mọ́. Ẹni tí ò ń retí á fi ẹsẹ̀ ayọ̀ wọlé tọ̀ ọ́. Àmín.